Ara Awọ Ni Eyín Ti Wá

Ẹ̀rọ Arínúọlẹ̀ kò tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń rí ẹja kí ẹja tó di ẹja. Inú rẹ̀ ni Ìbídùn, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Orí-Ọ̀sà, ìlú tí wọ́n kọ́ sójú omi, ti rí ohun tó fi ọdún mẹ́fà wá: ọlẹ̀ ẹkurá, ẹja òkun tí awọ rẹ̀ máa ń họ ènìyàn lára. Eyín wẹ́wẹ́ ló bo awọ náà. Ìbídùn gbà pé ara ìta ni eyín ti kọ́kọ́ hù láyé àtijọ́, kó tó ṣí wọ ẹnu.

Kí ló kàn án nínú eyín ẹja? Ọmọ rẹ̀ ni. Mojírayọ̀ ti pé ọdún méje, eyín kan ò yọ lẹ́nu rẹ̀. Ní Orí-Ọ̀sà, ọmọ tí kò bá fi eyín ara rẹ̀ já okùn àwọ̀n tó kọ́kọ́ hun, kò ní wọ ọkọ̀ láéláé. Wọ́n á kó o lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, sọ́dọ̀ àjèjì. Òfin burúkú gbáà!

"Ìbídùn, fi ọmọ yìí sílẹ̀," Baba Ajíbóyè, olórí àwọn apẹja, wí. "Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn."

"Ẹ má bínú, Baba. Ọlọ́run kọ́ ló ṣòfin okùn. Ẹ̀yin ni."

Ó lọ ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó fa omi àṣẹ, omi tó ń sọ fún ara pé kó hu eyín, jáde lára ọlẹ̀ náà. Ẹ̀rọ kìlọ̀ fún un pé kó wọ ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá kan ò jẹ́ bo ọwọ́ kó tó fi oògùn ra èrìgì ọmọ ní Orí-Ọ̀sà. Wọ́n ní ìka ìyá ló ń mú un jẹ́. Ìbídùn tó ń bá àwọn àgbà jà kò rántí bá èyí jà. Ìka lásán ló fi rà á, fún àárọ̀ mọ́kànlélógún.

Ọjọ́ ìjákùn pé. Mojírayọ̀ ki okùn bọ ẹnu, eyín rẹ̀ funfun báláú, okùn sì já pàtì! Èrò hó yèè.

"Kí lo fi ṣe é?" Baba Ajíbóyè bi ìyá rẹ̀. "Bọ́ ìbọ̀wọ́ tí o wọ̀ yẹn."

Ìbídùn bọ́ ọ. Láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́, eyín wẹ́wẹ́ ni, ó mú bí abẹ. Àwọn obìnrin pariwo.

"Ẹ wò ó dáadáa," ó wí. "Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ orúkọ ọmọ mi sára ọkọ̀!"

Baba Ajíbóyè ní kí wọ́n kọ ọ́. Inú Mojírayọ̀ dùn dé góńgó, ó sáré bọ̀, ó na apá sókè kí ìyá rẹ̀ gbé e.

Ìbídùn kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Dúró níbẹ̀, ọmọ mi," ó wí. "Má sún mọ́ mi."