Ó Jowú Ìdáríjì Àbúrò Rẹ̀

Olówòkéré bu omi odò, ó dà á sínú kẹ́ẹ̀gì epo ẹ́ńjìnnì àbúrò rẹ̀. Agolo kékeré kan ni. Ó dé kẹ́ẹ̀gì náà padà, ó sì wọlé lọ jẹun.

Owú ló mú un ṣe é. Ìyá kan náà ló bí òun àti Kọ́lájọ àbúrò rẹ̀, ní abúlé apẹja wa tí kò jìnnà sí Ode Ugbò. Ẹ́ńjìnnì Olówòkéré ti gbó, ó máa ń wúkọ́ kó tó jí. Kọ́lájọ wá ra tuntun. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá wọn ti ń sọ fún gbogbo èbúté pé, "Ọkọ̀ Kọ́lájọ ni ọkọ̀! Ẹ ò tíì jókòó tán tí ẹ ó fi rí Igbókòdá." Olówòkéré á gbọ́, á rín ẹ̀rín tí kò dénú. Ohun tó fẹ́ ni pé kí ẹ́ńjìnnì tuntun yìí kú lọ́nà ọjà lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n fi Kọ́lájọ ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò sí ọjà lọ́jọ́ kejì. Àkókò ìjà odò ni. Àwọn aládùúgbò tí a jọ ń pẹja tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀tá wa. Wọ́n ń jó abúlé tiwa, àwọn ọmọ tiwa náà sì ń jó tiwọn. Kí oòrùn tó mú, ìró ìbọn dún lẹ́yìn igbó. Tọmọdé tàgbà sáré bọ́ sínú ọkọ̀.

Olówòkéré na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ bọ́ síbí!"

"Sínú oníwúkọ́ yìí?" ni ìyá wí. "Ọmọ mi, ọjọ́ eré kọ́ nìyí. Ti Kọ́lájọ ni mò ń wọ̀."

Olówòkéré mọ ohun tó wà nínú epo Kọ́lájọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ta á bí ẹ̀gún ẹja ọ̀bọ̀kún. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "Kó wọ ti ààyò rẹ̀." Ó fa okùn ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, ó sì lọ.

Ẹ́ńjìnnì Kọ́lájọ kú láàárín odò. Gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ bẹ́ sómi, wọ́n lúwẹ̀ẹ́ lọ sínú igbó ẹ̀gbà tó hù nínú omi, wọ́n di gbòǹgbò igi mú títí àwọn oníbọn fi kọjá. Ìyá kò lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́, orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́. Kọ́lájọ gbé e pọ̀n, omi gbà á lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ náà níbi tó há sí, tí wọ́n da epo inú rẹ̀ wò, omi ni wọ́n bá nísàlẹ̀. Kọ́lájọ ká ọwọ́ lé orí. "Òjò àná ni! N ò dé kẹ́ẹ̀gì dáadáa. Yéè, èmi ni mo pa Màmá!"

Olówòkéré dúró níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Kò sọ nǹkan kan.

Má rò pé owú bá ìyá wọn kú. Owú dà bí ẹja tí wọ́n gbé sórí ààrò. Èéfín ni yóò máa jẹ, kò ní rà. Ọdún ń gorí ọdún, Olówòkéré sì ń ka ohun gbogbo tí àbúrò rẹ̀ ní sí tirẹ̀ tí wọ́n jí.

Ọtí ni Kọ́lájọ kọ́kọ́ fi ń pa ìbànújẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ nípa Jésù, ó sì fi ara rẹ̀ fún Un. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí dìde nínú ìjọ, Kọ́lájọ á dìde. "Ìyá mi kú nítorí àìbìkítà mi. Mo gbé ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ bá Jésù, Ó sì dárí jì mí. Mo ń sùn, mo ń jí." Ìjọ á hó yèè.

Olówòkéré máa ń jókòó lẹ́yìn, nítorí kí àwọn èèyàn má bàa sọ pé kì í wá. Á máa wí nínú ara rẹ̀ pé: Ìdáríjì wo ni wọ́n ń pariwo lé lórí yìí? Ẹ̀ṣẹ̀ ta ni? Ọmọ yìí gba ojú rere ìyá, ó gba iyì ní èbúté, ó tún wá gba ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá! Èmi tí mo dá a ńkọ́? Èmi kì í sùn.

Ẹ wo ibi tí owú lè gbé èèyàn dé. Ọkùnrin yìí ń jowú ìdáríjì tó jẹ́ pé kí ó kàn béèrè rẹ̀ ni.

Nígbà tó yá, àìsàn dé. Àyà rẹ̀ á ṣàdédé máa ta pọ́ún-pọ́ún bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sílẹ̀ ọkọ̀. Bí ó bá fa àwọ̀n díẹ̀, èémí á tán. Moríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sunkún títí ó fi gbà kí Kọ́lájọ gbé wọn lọ sí ọsibítù lórí ilẹ̀.

Ará ilẹ̀ òkè, kì í ṣe ará odò, ni dókítà tó bá wọn sọ̀rọ̀, Fadékẹ́mi ni orúkọ rẹ̀. Ó so wáyà mọ́ àyà Olówòkéré, ó wo ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde.

"Bàbá, apá òkè ọkàn yín kì í lù bó ṣe yẹ mọ́. Ó kàn ń gbọ̀n ni. Ẹ̀jẹ̀ tí kò bá rìn dáadáa níbẹ̀ lè dì, bí ewéko ṣe ń dì jọ ní kọ̀rọ̀ odò tí omi ò ti ṣàn. Bí èyí tó dì bá já lọ sínú orí, rọpárọsẹ̀ nìyẹn."

Ẹ̀rù ba Olówòkéré. "Dókítà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ló ń fà á?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ò tọ́jú wà níbẹ̀, ògógóró náà wà níbẹ̀. Ti ẹ̀ṣẹ̀, ẹ bi pásítọ̀ yín."

Ó wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n lè ṣe. Òògùn kan wà tí yóò jẹ́ kí ọkàn lù wọ́ọ́rọ́wọ́. Òmíràn ni èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oríṣi méjì sì ni. Ti àtijọ́ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ máa wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè, kò sì gbọ́dọ̀ mu àgbo pọ̀ mọ́ ọn. Ti ìsinsìnyí kò fẹ́ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n, wọn kì í sì í fo ọjọ́ kan. Èyíkéyìí tó bá mú, kí ó ṣọ́ra fún ìwọ̀ àti ọ̀bẹ, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dá. Ní ọsibítù ńlá, wọ́n tún lè fi iná mànàmáná dá ọkàn padà sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè tún bẹ̀rẹ̀, òògùn ẹ̀jẹ̀ náà kò sì ní ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáá.

"Bí ẹ bá bi mí," ni dókítà wí, "ẹ má fi ti ẹ̀jẹ̀ ṣeré."

Nínú ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń padà lọ, Kọ́lájọ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Bí ẹ bá mú ti àtijọ́, èmi ni n ó máa gbé yín wá ṣàyẹ̀wò. Bí ẹ bá mú ti ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ n máa rà á."

"Kí o máa gbé mi kiri èbúté bí apẹ̀rẹ̀ edé? Kí wọ́n lè máa kí ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, edé kì í ráhùn báyìí."

Moríkẹ́ rẹ́rìn-ín. Olówòkéré kò rẹ́rìn-ín. Òògùn tó ń dín ìlù ọkàn kù nìkan ló gbà. Ó ń sọ kiri pé apẹja kò lè lo òògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Irọ́ ni. Ó sàn fún un kí ó kú ju kí ó wà láàyè nípa oore Kọ́lájọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sórí afárá pákó níwájú ilé, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Abẹ́rẹ́ àwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ mú un, ọwọ́ kò gbọ́. Moríkẹ́ pè é. Ó dáhùn, ṣùgbọ́n ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sápá kan.

Kọ́lájọ sáré dé, ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀n sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ó da epo díẹ̀ sínú ìgò funfun, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Bùọ̀dá Kọ́lájọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wa ọkọ̀!" ni Moríkẹ́ kígbe. "Ẹ ò rí i pé ó ń kú lọ?"

"Ìyàwó wa, ẹ ní sùúrù. Láti ọjọ́ tí mo ti pa Màmá, n kì í gbé ẹnikẹ́ni láìwo epo."

Olówòkéré gbọ́ ọ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Gbogbo ọdún wọ̀nyí! Ó la ẹnu láti sọ pé, "Ìwọ kọ́." Bà, bà, bà, ni ó jáde. Ó tún gbìyànjú. Bà, bà. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó ní ẹnu, ó pa á mọ́. Ó wá fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí, kò sí ẹnu.

Níbẹ̀, lórí omi, ni ìgbéraga rẹ̀ wó. Ó gbàdúrà nínú ara rẹ̀ pé, "Jésù, Ìwọ tí àbúrò mi mọ̀, Ìwọ gbọ́ ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ṣe é. Bí O bá dá ẹnu mi padà, bí O kò sì dá a padà, tìrẹ ni mí. Ṣàánú mi." Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé àyà rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n nínú lọ́hùn-ún, àlàáfíà dé.

Ní ọsibítù, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní ìkìlọ̀ lèyí, pé rọpárọsẹ̀ ńlá lè tẹ̀ lé e. Ó tún bi í léèrè òògùn tí yóò mú. Olówòkéré ní, "Èyí tó ń fẹ́ àyẹ̀wò. Àbúrò mi á máa gbé mi wá." Moríkẹ́ wo ojú rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀.

Kọ́lájọ kò jókòó lásán níbẹ̀. Ó ti ń wàásù fún bàbá tó wà lórí ibùsùn kejì. "Bàbá, bí Jésù bá lè dárí ji èmi tí mo pa ìyá mi, ta ni kò ní dárí jì?"

Olówòkéré gbọ́ ọ. Owú kò dìde lọ́tẹ̀ yìí, ìtìjú ló dìde. Ohùn kan sì ń sọ fún un pé: Ọlọ́run ṣáà ti gbọ́. Inú ọmọ yìí dùn báyìí. Bí o bá sọ ọ́, ta ni yóò máa gbé ọ wá fún àyẹ̀wò? Dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, o mọ ohùn yẹn. Ta ni ò ń jowú? Kí ni o gbé mì tí ẹlòmíràn ń ru ẹ̀bi rẹ̀? Lo òògùn tí dókítà bá fún ọ, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n kò sí òògùn tó ń fọ ọwọ́ ẹni tó ṣe ibi. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló ń fọ̀ ọ́, òfẹ́ sì ni. Má sọ pé ò ń lọ sí ìjọ. Olówòkéré náà ń lọ. Má sọ pé wọ́n ṣẹ̀ ọ́. Ta ni wọn ò ṣẹ̀? Bá Jésù sọ ọ́ lónìí, kí o sì lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀ nígbà tí ẹnu rẹ ṣì ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Ọ̀la kò sí lọ́wọ́ rẹ.

Olówòkéré gbé ara rẹ̀ ró lórí ibùsùn.

"Kọ́lájọ, wá jókòó síbí. Má jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ yẹn mọ́ láé. Kì í ṣe tìrẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sinmi. Dókítà ní kí ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sinmi, tí ìwọ ń ru ẹ̀bi mi." Ahọ́n rẹ̀ ṣì wúwo, ọ̀rọ̀ ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kì í ṣe òjò. Èmi ni mo da omi sínú epo rẹ. Mo rí Màmá nígbà tó ń wọ ọkọ̀ yẹn, mo sì dákẹ́."