Àwo Idẹ Inú Àpótí Asàba

Ọ̀bẹ yọ̀ lọ́wọ́ Gbọ́njúbọ́lá, àwo idẹ pẹlẹbẹ tó dì mú sì là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi díẹ̀ tí òórùn rẹ̀ gún imú tú sí i lọ́wọ́. Kó tó mọ ohun tó máa ṣe, omi náà ti gbẹ, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ní Moniya, lọ́dún 1964. Ìyá rẹ̀, Tíṣà Àrínọlá, ra àpótí kan tó ń sàba lé ẹyin bí àgbébọ̀ adìyẹ. Àtùpà kẹrosíìnì ló ń mú inú rẹ̀ móoru. Bí ooru bá fẹ́ pọ̀ jù, àpótí náà á fúnra rẹ̀ ṣí ìdérí kékeré tó wà lókè àtùpà; bí ooru bá rọlẹ̀, á tún pa á dé. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Ta ló wá ń sọ fún un? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí Gbọ́njúbọ́lá gbádùn. Lọ́sàn-án Sátidé tí ìyá rẹ̀ lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó tú u wò. Àwo idẹ ló rí tó so rọ̀ sókè àwọn ẹyin. Omi inú àwo náà ló ń wú tí ooru bá mú un, tó fi ń ti irin tó ń gbé ìdérí. Ó ti mọ̀ ọ́n wàyí, ṣùgbọ́n omi ti lọ.

Ó tẹ ẹnu àwo náà pọ̀, ó sì so ó padà. Ọgọ́fà ẹyin ló wà nínú àpótí. Ogún nínú wọn jẹ́ ti Ìyá Mùjíbátù, aládùúgbò wọn. Ó ku ọjọ́ méjì péré kí àwọn ẹyin náà tó pa.

Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo ilé tutù. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, wọ́n bi í pé, "Ṣé kò sóhun tó ṣe àpótí?"

"Kò sí, mà."

Lọ́jọ́ kejì, tìyá-tọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mùjíbátù, ọ̀rẹ́ Gbọ́njúbọ́lá, ló máa ń bá wọn rọ epo sí àtùpà láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nítorí òun kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Oòrùn ọjọ́ náà mú gan-an. Nígbà tí wọ́n dé, òórùn bí ẹyin bíbọ̀ ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Tíṣà sáré ṣí àpótí. Ooru gbá wọn lójú bí ẹnu ààrò. Wọ́n figbe ta. Ẹyin kan ti lu ní iwájú, ẹnu òròmọdìyẹ yọ síta, kò sì mira. Wọ́n fọ́ òmíràn: odindi òròmọdìyẹ, tìyẹ́-tìyẹ́, ó ti kú. Wọ́n fọ́ ìkẹta, ìkẹrin. Bákan náà ni. Tíṣà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì lórí.

"Mùjíbátù! Kí ló dé tí o yí òwú àtùpà sókè tó báyìí?" ni wọ́n bi í bó ṣe sáré wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò fọwọ́ kan òwú. Epo nìkan ni mo rọ."

Ìyá Mùjíbátù ti gbọ́ igbe, wọ́n sì ti wọlé. Bí wọ́n ṣe rí àwọn ẹyin náà, wọ́n gbá ọmọ wọn létí. Bí Gbọ́njúbọ́lá bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tún lọ sókè lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fò mọ́ ọn.

"Ẹ má nà án mọ́, mà! Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi ni mo tú àpótí náà lánàá. Mo ba àwo tó ń ṣí ìdérí rẹ̀ jẹ́."

"Subuhánallàhì!" ni Ìyá Mùjíbátù wí, wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara wọn. "Ọmọ mi tí kò ṣe nǹkan kan ni mo gbá létí báyìí!"

Tíṣà ń wo ọmọ wọn bí ẹni tí wọn ò rí rí. "Ìwọ tí mo bi léèrè lánàá? Ká ní o sọ fún mi ni, ṣé n kò ní jókòó ti àpótí yìí, kí n máa fọwọ́ ara mi ṣí ìdérí rẹ̀? Ẹyọ kan kì bá tí kú."

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí àpótí, Gbọ́njúbọ́lá rò pé ọ̀bẹ òun ló pa wọ́n. Ìsinsìnyí ló tó yé e pé irọ́ "Kò sí, mà" ló pa wọ́n.

Tíṣà kò nà án. Wọ́n ní kó kó adìyẹ méjì tó ń dá sìn, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọn fún Ìyá Mùjíbátù, kó sì sin gbogbo ẹyin náà. Ó ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé nígbà tí Mùjíbátù gbé ọkọ́ kejì dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wú.

"Mo rí ẹ lójú fèrèsé lánàá," ló wí. "Ìwọ àti ọ̀bẹ."

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Gbọ́njúbọ́lá. "O rí mi? O sì jẹ́ kí wọ́n gbá ọ létí?"

"Mo ń retí kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́ ni. Nígbà tó pẹ́, ẹ̀rù bà mí pé o ò ní sọ."

Gbọ́njúbọ́lá bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ọmọ, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má wádìí ohun tó bá ṣe yín ní kàyéfì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́, kó tètè wí. Àṣìṣe tí a bá tètè jẹ́wọ́ ṣeé tún ṣe. Èyí tí a bá bò mọ́lẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa ń bá a san án.