Ìwé Ọ̀nà Tí Kò Dárúkọ Òtu

Mọ́tò funfun náà wọ Òtu bí ẹni tó ń yọ́ wọ ilé onílé. Kò dún, kò rú èéfín. Ewúrẹ́ méjì tó dùbúlẹ̀ sójú títì kò tilẹ̀ gbórí sókè títí ó fi dúró níwájú wọn gan-an. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fọwọ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́ yà fún òun bí ẹni ń bẹ àgbàlagbà.

Oṣù kejì ọdún ni. Ọyẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́, igi kaṣú ti yọ òdòdó yí ìlú ká, atẹ́gùn ọ̀dàn sì ń gbé òórùn rẹ̀ wọ ojúde gbogbo. Ẹni tó bá gbọ́ òórùn yẹn rí lọ́mọdé, bó pẹ́ ní ìdálẹ̀ títí orí rẹ̀ fi funfun, kò ní í gbàgbé.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Dúróríkẹ́, ọmọ Ògúnsúyì ọdẹ, jókòó sí tó ń wò ó. Ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣáàjì fóònù àti tọ́ọ̀ṣì wọn, nítorí páńẹ́ẹ̀lì sólà ló bo gbogbo òrùlé rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, kò sì tíì sí ọkùnrin tó mú un gbàgbé ohun tó ń sọ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà, ó gbàgbé.

"Mọ́tò ti kú, o ò rí i?" Misturat ló sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń dín dùńdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. "Ta ló ń tì í bọ̀ tí mi ò rí?"

Ọkùnrin náà súnmọ́ wọn. Ó ga, eruku pupa ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin lẹ máa ń bá wọn ṣáàjì fóònù?"

"Àwa ni. Mélòó ni tiyín?"

"Ẹyọ kan ni," ó ní, "ṣùgbọ́n ó tóbi díẹ̀." Ó sì nawọ́ sí mọ́tò.

Misturat rẹ́rìn-ín títí ṣíbí fi bọ́ sínú epo.

Samsudeen lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ṣakí tó ń gbé Ìbàdàn, tó ń tún fíríìjì ṣe. Àlòkù ni mọ́tò oníná tó rà, bátìrì rẹ̀ sì ti darúgbó. Bó kún fọ́fọ́ n'Íbàdàn, kò lè gbé e dé Ṣakí láì gba iná lọ́nà. Ó fi ìwé kan hàn wọ́n tó to ìrìn-àjò náà sí, tó tilẹ̀ fi rúlà fa ìlà sí i: yóò gba iná n'Íṣẹ́yìn ní aago mẹ́sàn-án, yóò gbéra níbẹ̀ ní aago méjìlá.

Dúróríkẹ́ kà á, ó gbójú sókè. "Iná ìjọba lẹ fẹ́ gbà n'Íṣẹ́yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ní aago mẹ́sàn-án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ ti bá a dá àdéhùn ni?"

Ó wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì yọ lábẹ́ eruku náà. "Mo kanlẹ̀kùn títí. Kò sí nílé."

Ó fa wáyà jáde láti inú bùútù. Àpótí kékeré kan wà lára wáyà náà, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yan bí iná yóò ṣe wọlé: kíákíá, wọ́ọ́rọ́wọ́, tàbí bí ìrìn alágẹmọ. Samsudeen yan kíákíá, ó jókòó sábẹ́ igi òdán, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Nílé Ògúnsúyì, àlejò tí ọ̀sán bá bá níbẹ̀ kì í lọ láìjẹ iyán. Èèwọ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ó ju èèwọ̀ lọ. Ìyá Dúróríkẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ iṣu ni. Dúróríkẹ́ wo iṣu, ó wo aago ọwọ́ ọkùnrin náà, ó mọ̀ pé yóò ti gbéra kí omi tó hó. Ó kọjá lẹ́bàá wáyà bí ẹni tó fẹ́ gbé ìgbálẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Nítorí iyán ni," ó sọ fún ara rẹ̀.

Samsudeen jẹ iyán pẹ̀lú ẹran ọ̀yà. Ó bá Ògúnsúyì sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ àti ẹran, ó bá ìyá sọ̀rọ̀ iṣu, nígbà tó sì kan Dúróríkẹ́, omi ló ń béèrè ṣáá. Oòrùn ti tẹ̀ sí ìwọ̀ kó tó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ní ọjọ́ Jímọ̀, ó tún dé. Ìyá ìyá rẹ̀, Àwáwù, tó ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ń lọ wò ní Ṣakí, torí òun ló tọ́ ọ dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Kò tún dúró de iná Ìṣẹ́yìn mọ́. Ó to ọ̀nà rẹ̀ tó fi jẹ́ pé Òtu gan-an ni agbára mọ́tò yóò tán sí. Dúróríkẹ́ náà kò sì dẹ́kun bọ́tìnnì. Kì í ṣe nítorí iyán mọ́.

"Oòrùn Òtu yìí mà ń falẹ̀ o," Samsudeen yóò wí. "Tìbàdàn yá jù ú lọ."

"Oòrùn tiwa ò kánjú. Ta ló ń lé yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi, Àjíkẹ́."

Ọ̀dọ̀ ìyá Dúróríkẹ́ ló ti lọ béèrè oríkì náà. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀, Dúróríkẹ́ dá fóònù oní-fóònù padà fún ẹlòmíràn. Misturat ní kí wọ́n gba òun, ọ̀rẹ́ òun ti sọnù.

Ní ìparí oṣù kẹrin, Samsudeen dì í lọ́wọ́ mú lábẹ́ òdán. "Tí mo bá ti kúrò níbí," ó ní, "ilé tí mo wà máa ń fẹ̀ jù fún mi."

Dúróríkẹ́ fún ọwọ́ náà mọ́ra.

Jímọ̀ kan nínú oṣù karùn-ún ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

"Dúróríkẹ́, mo ń kánjú lónìí o," ni Samsudeen wí bó ṣe sọ̀ kalẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ ò kánjú rí?" Ó rò pé àpárá àtẹ̀yìnwá ni. Ó kọjá lẹ́bàá wáyà, ó tẹ bọ́tìnnì.

Ìdí iyán ló ti wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà ń lọ Mẹ́kà lónìí, aago mẹ́ta sì ni mọ́tò àwọn tó ń relé Ọlọ́hun yóò gbéra ní Ṣakí. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá gbé pọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bí àbọ̀ yóò ṣe rí. Ìyá Àgbà ti tọrọ tán lọ́wọ́ ará ilé àti aládùúgbò. Ó ku ọmọ tó tọ́. Kò sì gbà kí wọ́n ṣe é lórí fóònù. Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Dúróríkẹ́ gbé òkèlè padà sínú àwo. Ó dìde, ó sáré jáde, ó tẹ bọ́tìnnì náà sí kíákíá. Ṣùgbọ́n òjò ti ṣú láti apá Ṣakí. Oòrùn gan-an ni mọ́tò náà ń mu, oòrùn sì ti wọ inú ìkùukùu. Kò pẹ́, òjò dé, ọlọ́kadà kan kò sí lójú títì mọ́. Ìwọ̀nba iná tó wà nínú rẹ̀ ni Samsudeen gbé lọ, ó ń wakọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ru omi sórí.

Lálẹ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló fi ránṣẹ́: "Wọ́n ti lọ."

Dúróríkẹ́ kò lè gbé e mì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù. "Èmi ni mo fà á. Èmi ni mo máa ń tẹ bọ́tìnnì yẹn kí iná lè falẹ̀, kí ẹ lè pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mi ò mọ̀ pé ti Ìyá Àgbà ni. Ẹ jọ̀ọ́."

Àmì hàn pé ó ti gbọ́ ọ. Èsì kò dé.

Jímọ̀ kan lọ, òmíràn lọ. Òjò gba oṣù kẹfà, koríko ọ̀dàn ga ju ènìyàn lọ, títì tó lọ sí Ìpàpó ń dán bí ẹ̀yìn ẹja. Gbogbo mọ́tò funfun tó bá yọ lókè ọ̀hún ni Dúróríkẹ́ ń bá dìde. Bí ó bá ti gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀, á tún jókòó, nítorí ti Samsudeen kì í dún. Àárò ọkùnrin náà wá di àárò ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Awakọ̀ Ṣakí kan sọ fún un pé Samsudeen ṣì ń lọ sílé, ó ń wọ ọkọ̀ èrò ni.

"Ọdẹ tó ta ẹran tì kì í jókòó sunkún," Ògúnsúyì wí fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Ipasẹ̀ ló ń tọ̀."

"Mi ò fẹ́ lé e, Bàbá. Mo kàn fẹ́ kó lè máa dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà rẹ̀ láìjẹ́ pé ó rí mi."

Bàbá mú àdá rẹ̀, ó gba ọ̀nà ìgbẹ́ lọ.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Àìkú Àìkú ni Dúróríkẹ́ ń gun ọ̀kadà kiri. Ó lọ sí Ìṣẹ́yìn, ó bá obìnrin kan tó ń ta ẹja tútù sọ̀rọ̀, tí sólà rẹ̀ pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ó lọ sí Àgọ́-Àrẹ, ó bá Olúwaṣọlá tó ń jó irin, ọkùnrin náà sì gbà láti máa fún mọ́tò Samsudeen níná. Ó bi wọ́n ní aago tí oòrùn wọn ń múná jù, àti iye bátìrì tó wà nílẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá ṣú. Ó kọ ibi tí kòtò wà, ó kọ òkè tó máa ń jẹ iná mọ́tò, ó kọ fóònù olúkúlùkù. Gbogbo rẹ̀ gba ojú ìwé mẹ́ta. Láti Ìbàdàn títí dé Ṣakí, ó tò ó tó fi jẹ́ pé mọ́tò arúgbó náà kò ní nílò àtidúró ní Òtu mọ́ láé.

Misturat kà á tán. "O dárúkọ gbogbo Òkè-Ògùn, o ò dárúkọ ilé ara rẹ?"

"Kò yẹ kó wà níbẹ̀."

"O ya wèrè."

"Mo mọ̀," Dúróríkẹ́ ní, ó sì fi etí gèlè nu ojú. Awakọ̀ Ṣakí ló bá a gbé ìwé náà lọ.

Oṣù keje parí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò sinmi díẹ̀, ó ń to tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ nígbà tí Misturat dákẹ́ lójijì. Misturat kì í dákẹ́. Dúróríkẹ́ yíjú padà.

Apá Ṣakí ni mọ́tò funfun náà ti wá. Samsudeen ti rù díẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn kejì, ó fa ìyá arúgbó kan jáde jẹ́jẹ́, ó di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ kú ọ̀nà," ni Dúróríkẹ́ wí. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí n lọ mú wáyà wá?"

"Bátìrì kún. Àgọ́-Àrẹ ni mo ti gbà á, gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ ọ́."

"Kí lẹ wá dúró ṣe?"

Samsudeen wo ilẹ̀. "Mo ti mọ̀ láti ìgbà kejì tí mo wá. Ojú mọ́tò ń fi hàn bí iná ṣe ń wọlé. Lọ́jọ́ Ìyá Àgbà náà, mo rí i pé o ti dín in kù. Mo lè dìde kí n tẹ̀ ẹ́ padà. Mo jókòó. Mo ní, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ yẹn, ojú ló tì mí láti dáhùn. O ń ru ẹ̀bi tó jẹ́ tèmi, mi ò sì sọ fún ọ."

Orúnkún Dúróríkẹ́ ti kanlẹ̀ níwájú ìyá arúgbó náà kó tó mọ̀. "Ẹ forí jì mí, Mà."

"Ìwọ ni? Súnmọ́ mi, ojú mi ò ríran jìnnà mọ́." Ìyá Àgbà gbá a lágbọ̀n mú. "Mo ti forí jì ọ́. Ó wá ku tìrẹ. Nígbà tí mo dé, mo bi ọmọ yìí pé kí ló dè é mọ́lẹ̀. Ó ní ojú ẹnìkan lòun ń wò. Mo bú onítọ̀hún dáadáa. Ìwọ náà forí jì mí."

"Mo ti forí jì yín, Mà." Ẹkún àti ẹ̀rín ti dà pọ̀ lójú rẹ̀.

Samsudeen bẹ̀rẹ̀ tì í. "Ìwé rẹ pé, Àjíkẹ́. Ó gbé mi kọjá ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ máa kọjá. Jẹ́ kí n fẹ́ ọ."

Ògúnsúyì ti jáde síta, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. "Dúróríkẹ́," ó ní, "ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ?"

"Mo gbọ́, Bàbá." Kò gbójú sókè. "Ẹ bá mi bi wọ́n, ọjọ́ wo làwọn èèyàn wọn ń bọ̀?"

Misturat ló kọ́kọ́ hó yè.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún sí ọjọ́ náà ni wọ́n dá fún àwọn èèyàn Samsudeen. Nígbà tí mọ́tò tún gbéra, Dúróríkẹ́ dúró sójú títì, ó ń wò ó lọ láàárín koríko gíga títí ojú kò fi tó o mọ́. Àárò rẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti tẹ́lẹ̀ kò lópin, eléyìí lọ́jọ́. Ó ka ọ̀la sí èkíní, ó sì wọlé.