Ìkòkò Àlájà Kọ́ Ló Ń Dún

Kí Lùkúmọ̀n tó wọ àdúgbò rẹ̀ ní Olówógbowó, ariwo mọ́tò rẹ̀ a ti ṣáájú rẹ̀ délé. Kòtò kékeré tó bá bọ́ sí, gbà-gbà-gbà ni. Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́ títí, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Èsì kan náà ni ọkọ rẹ̀ ń fún un.

“Jáàkì inú búùtù ló ń mì.”

Lọ́jọ́ kan, ó gbé Àyìnkẹ́ àti Àlájà Hàwáwù, ìyá Àyìnkẹ́, wọ́n ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún fìdáù ẹ̀gbọ́n Àlájà. Ìkòkò tí wọ́n máa fi se oúnjẹ sàráà wà ní búùtù. Àlájà kì í ṣe ẹni à ń tàn nípa mọ́tò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ tó fi ń kó aṣọ wá sí ọjà Jankara, kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì.

Wọ́n dé Pópó Àgùdà, ẹsẹ̀ mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

“Ọkọ Àyìnkẹ́, kí ló ń dún lábẹ́ wa yìí?”

Ojú ń ti Lùkúmọ̀n láti jẹ́wọ́ fún àna rẹ̀. “Ìkòkò yín ni, Màmá. Ẹrù yẹn ló pọ̀.”

Àlájà nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì. “Dúró.”

Bí Lùkúmọ̀n ṣe tẹ bíréèkì, mọ́tò fà sọ́tùn-ún, díẹ̀ ló kù kó wọ gọ́tà. Àlájà bọ́ sílẹ̀, ó ṣí búùtù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìkòkò sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Àyìnkẹ́ sáré bọ́ sílẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Wọ́n yọ jáàkì pàápàá.

“Ó yá, wà á lọ wà á bọ̀.”

Lùkúmọ̀n wà á lófìfo. Gbà-gbà-gbà. Àwọn tó jókòó sójúde bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Irọ́ ni mo pa mọ́ ẹrù yín. Ó ti pẹ́ tó ti ń dún.”

“Bọ́ọ̀ṣì ẹsẹ̀ mọ́tò rẹ ló ti jẹ,” ni Àlájà wí. “Rọ́bà tó wà níbi tí irin ti so mọ́ irin, tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa gbá ara wọn. Ó ṣe tèmi náà bẹ́ẹ̀ rí. Wo táyà iwájú, ẹ̀gbẹ́ kan ti dán, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì ní eyín. Sítíárì kì í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ?”

“Ó ń gbọ̀n, Màmá.”

“O sì fẹ́ fi gbé ọmọ mi gba títì márosẹ̀.”

Lùkúmọ̀n ló ru àwọn ìkòkò náà lọ sínú tákísí tí wọ́n pè, kò sì lè gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀.

Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ gbọ́ o. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín bá ń dún ní kòtò, tó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹ bá tẹ bíréèkì, tí sítíárì ń gbọ̀n, tàbí tí táyà ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má dúró di ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé. Ẹ ní kí mẹkáníìkì gbé e sókè, kó yẹ bọ́ọ̀ṣì wò. Ẹ má jẹ́ kó gé táyà àlòkù dí i fún yín. Èyí tó bá ọkọ̀ yín mu gan-an ni kó fi sí i, kí ẹ sì ṣe aláìmẹ́ntì lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹsẹ̀ táyà lè tọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Lùkúmọ̀n ti pààrọ̀ tirẹ̀, mọ́tò ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, kí Àlájà tó wọ mọ́tò náà, ó máa ń kọ́kọ́ bi Lùkúmọ̀n pé, “Ọkọ Àyìnkẹ́, ṣé kí n gbé ìkòkò mi dání?”

Orí ni Lùkúmọ̀n máa ń tẹ̀ ba.