Àwọn Tí Ẹ̀rọ Títílọpẹ́ Kò Kà

Pupa ni ọkùnrin náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kì í ṣe pé àwọ̀ rẹ̀ pọ́n o, erùpẹ̀ ọ̀nà Ìta-Ògbólú ni. Ọ̀kadà ló gùn wọ Àkúrẹ́, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tí Títílọpẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìsìkàn bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà jáde nínú ebè. Eyín rẹ̀ nìkan ló funfun.

Títílọpẹ́ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bùrọ̀dá. Ṣé ẹ bá ilẹ̀ jà ni?"

"Ilẹ̀ ló bá mi jà. Ẹ̀yin náà sì ti bá wa jà, àǹtí. Reuben ni mí, akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Àwa tá a forúkọ sílẹ̀ fún irúgbìn àgbàdo lé ní igba. Ẹ̀rọ yín sọ fún àjọ tó ń pín in pé a ò pé ogójì, ìwọ̀nba yẹn nìkan ni wọ́n sì gbé wá."

Ọdún náà le. Epo ọkọ̀ ti gbówó lórí, gààrí ti di ohun tí à ń fi agolo tómátì wọ̀n. Àgbẹ̀ tí kò bá rí irúgbìn gbìn lọ́dún yẹn, ebi ló máa kórè.

"Ẹ̀rọ kì í purọ́," ni Títílọpẹ́ wí. Ọmọ tíṣà ni, ọmọ Oǹdó sì tún ni. Òun gan-an ló kọ ètò tí ẹ̀rọ fi ń ka àwọn èèyàn náà.

"Kì í purọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ nílé wa pé èmi ni mo ta èyí tó kù. Bí ìyókù ò bá dé, n ò lè gbé ìlú náà mọ́."

Kò pariwo. Ohun tó wọ ọmọbìnrin náà lára nìyẹn. Nígbà tó di Sátidé, ó wọ mọ́tò lọ wo àwọn èèyàn náà fúnra rẹ̀.

Reuben pàdé rẹ̀ ní gáréèjì. Ó ti wẹ̀.

"Háà! Ẹ̀yin lẹ dúdú dán báyìí?"

Nígbà tí wọ́n dé abà, Reuben ní, "Wọ inú ulé wá, jàre."

"Ulé! Ilé ni bàbá mi tó jẹ́ tíṣà ní ká máa pè é."

"Bó o bá pẹ́ níbí, ìwọ náà á máa pè é bẹ́ẹ̀."

Ojú ti Títílọpẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn.

Ìyá Agnes, tó jẹ́ àgbà abà wọn, gbé iyán kalẹ̀. Bí wọ́n ti ń jẹun, fóònù kékeré dún nídìí ìró ìyá náà. Ó gbé e sétí, ó sáré bọ́ síta, ó figbe ta: "Jesse o! Àbúrò rẹ ń pè!" Kò pẹ́, ó tún dún. "Kíkẹ́lọmọ! Ọkọ rẹ rè é o!"

Títílọpẹ́ dáwọ́ oúnjẹ dúró. "Màmá, ṣé fóònù yín ni gbogbo wọn ń lò?"

"Gbogbo abà yìí ni. Wọ́n ti ta tiwọn jẹun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní abà yòókù. Nọ́ńbà mi ni gbogbo wa fi sílẹ̀ níbi ìforúkọsílẹ̀."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ wá yé e. Nígbà tí Títílọpẹ́ ní kí ẹ̀rọ fa orúkọ yọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa oníkálukú, nọ́ńbà fóònù ló fi ṣe ìkọ́ tí ẹ̀rọ ń gbé orúkọ kọ́ sí. Ìkọ́ kan, orúkọ kan. Bí orúkọ mìíràn bá dé orí ìkọ́ kan náà, èyí tó wà níbẹ̀ á já bọ́. Nínú gbogbo àwọn tó ń lo fóònù Ìyá Agnes, ẹni tó dé kẹ́yìn nìkan ni ẹ̀rọ kà. Kò wá sọ́kàn rẹ̀ rí pé odidi abà lè máa lo fóònù kan ṣoṣo.

"Reuben, èmi ni mo sọ ọ́ di olè."

"Jẹun ná. Olè kì í febi pa àlejò."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó tún ètò náà kọ. Ó ní kí ẹ̀rọ fa orúkọ abà yọ lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó sì ka iye ìgbà tí abà kọ̀ọ̀kan jáde. Èèyàn gbogbo sì pé.

Ọ̀gá rẹ̀, Akínwùmí, lejú. "Iye ti tẹ́lẹ̀ la ti fi ránṣẹ́. Bá a bá sọ pé a ṣì í kà, ta ló tún máa gbéṣẹ́ fún wa? Pa ẹnu mọ́."

"N ò lè pa á mọ́, ọ̀gá."

"Ó dáa, máa wáṣẹ́ míì."

Nígbà tí bàbá rẹ̀, Lawrence, gbọ́, ó pè é láti Oǹdó. "Títí, wọn ò san owó ìfẹ̀yìntì mi. Ìwọ lò ń bọ́ wa. Ṣé o fẹ́ pàdánù iṣẹ́ torí àgbẹ̀ kan?"

"Torí òtítọ́ ni, Bàbá." Ó mí kanlẹ̀. "Àti torí àgbẹ̀ kan."

Ó gba ọ́fíìsì àjọ náà lọ, ó là á mọ́lẹ̀ fún wọn. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìfẹ́ òun àti Reuben sì ń le sí i. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ irúgbìn tún dé Ìta-Ògbólú, Títílọpẹ́ sì dúró níwájú gbogbo ọjà, ó ní òun lòun ṣe àṣìṣe náà, kì í ṣe Reuben. Jesse, tó ti bú Reuben ju gbogbo wọn lọ, ló kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí èrò túká, Reuben fà á lọ́wọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. "Àyànfẹ́ mi, mo ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ."

"O gbà á lóòótọ́. Ìwọ náà lo máa wá òmíràn fi sí i."

Ni wọ́n bá jọ lọ sí Oǹdó. Reuben dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá Lawrence wò ó láti òkè dílẹ̀ bí ẹni ń máàkì ìdánwò.

"Kí lo fẹ́ fi bọ́ ọmọ mi?"

"Oko ni, sà. Àti ọwọ́ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Títí, bí ebi bá dé ńkọ́?"

"Ó ti dé, Bàbá. Mo kàn fẹ́ kó bá àwa méjèèjì pa pọ̀ ni."

Bàbá na ọwọ́ sí Reuben, ó ní, "Dìde. Ìgbà wo làwọn èèyàn rẹ ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀?"

"Bá a bá ti gbin àgbàdo tán, sà."

"Ẹ yára gbìn ín."