Orúkọ Tí Jannat Pè Lójú Bàbá Rẹ̀

Abẹ́ bírííjì Pósí Ọ́fíìsì ní Ìlọrin ni Bashir ti kọ́kọ́ rí i. Ọmọbìnrin kan dúró ṣinṣin láàárín èrò, ó gbórí sókè, ó lanu díẹ̀, ó ń wo àwọn ọkọ̀ tí ń kọjá lókè orí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ìborùn rẹ̀ lẹ̀lẹ̀. Ọlọ́kadà kan yà fún un, ó bú u, kò tilẹ̀ gbọ́. Iṣẹ́ fọ́tò ni Bashir ń fi jẹun, ó sì ti gbé kámẹ́rà sójú kó tó mọ ohun tí òun ń ṣe.

"Ta ló ní kí ẹ ya mí?" Ọmọ náà ti yíjú pa dà.

"Ẹ má bínú. Ojú yín ló wù mí yà."

"Ẹ pa á rẹ́ o! Bí bàbá mi bá gbọ́ pé mo wá sí Ìlọrin, mo gbé."

"Mo ti pa á rẹ́."

Kò pa á rẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Jannat lorúkọ rẹ̀, Òkè-Ọdẹ ló ti wá. Ilé-ìwé àwọn olùkọ́ ní Òrò ló ń lọ, ibẹ̀ ló sì purọ́ fún bàbá rẹ̀ pé òun ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó fẹ́ fojú kan Ìlọrin lẹ́ẹ̀kan péré, torí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti dé ibẹ̀ àfi òun. Bàbá ló fòfin dè é. Jàrátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ lọ́kọ sí Èkó, kò sì wálé mọ́, kódà nígbà tí ìyá wọn kú. Ṣáájú ìyẹn, ìgbà kan ṣoṣo tó mú àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ wá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ń pè ní gbangba pé, "Adéyanjú, sún síbí!" Ìyàwó ilé! Ẹni tó bá nílé, tó yẹ kó fún lórúkọ ìpọ́nlé! Ojú ti Bàbá Tìjání, bàbá wọn, débi pé kò lè gbórí sókè. Ó ní ìlú ńlá ti gba ọmọ kan lọ́wọ́ òun, kò ní í gba èkejì.

Jannat sọ èyí fún Bashir, Bashir sì pe àbúrò rẹ̀, Àbúdùlàhí, tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, pé kó wá gbé wọn yíká. Ẹlẹ́rìn-ín ni Àbúdùlàhí, eyín rẹ̀ funfun báláú. Wọ́n yí iwájú mọ́ṣáláṣí ńlá ká, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ààfin, wọ́n dé Dàda, níbi tí ìyá Bashir ti ń mọ ìkòkò. Ìyá fún un ní wàrà, ó ní kó fọwọ́ kan amọ̀ tútù. Jannat rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Bashir gbàgbé kámẹ́rà tó gbé kọ́rùn.

"Àbúdùlàhí, rọra sáré!" Jannat kígbe nínú kẹ̀kẹ́.

"Má máa pe orúkọ rẹ̀ o," Bashir fi ṣẹ̀fẹ̀. "Ìyàwó ilé wa kì í pè é bẹ́ẹ̀."

"Ta ni ìyàwó ilé yín? Àbúdùlàhí! Àbúdùlàhí o!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú òun àti Bashir ṣe mẹ́rin, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Òjò ṣú lójijì. Bí òjò bá ti rọ̀, ọ̀nà Òkè-Ọdẹ kò ṣe é gbà, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ ti búra pé ọmọ tó bá sun ìta, ó ti kúrò nílé-ìwé nìyẹn. Eré burúkú ni wọ́n sá dé gáréèjì. Ọkọ̀ tó kù ti ń yọ jáde. Bashir dúró síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, dẹ́rẹ́bà ń bú u, Jannat sì bọ́ sínú ọkọ̀.

"Ṣé lóòótọ́ lẹ pa fọ́tò yẹn rẹ́?" ó béèrè lójú fèrèsé.

"Lóòótọ́ ni."

Ó délé kí oòrùn tó wọ̀. Ọlọ́run bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n òmùgọ̀ ọkùnrin tí ìfẹ́ ń pa bí ọtí ti gbé fọ́tò náà sórí Wasáàpù, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ó ń wo bírííjì, èmi ń wo òun." Ọmọ Òkè-Ọdẹ kan rí i, ó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, fóònù ti dé ọwọ́ Bàbá Tìjání.

"Ta nìyí?"

Jannat kò lè purọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá gba fóònù rẹ̀, ó ní kò sí Òrò mọ́, kó jókòó sílé.

Bashir ń pe nọ́ńbà tí Jannat fún un, kò wọlé. Ìgbà tó yá ni Rhoda, ọ̀rẹ́ Jannat ní Òrò, wá nọ́ńbà Bashir rí, ó sì pè é. "Fọ́tò yín ti lé ọ̀rẹ́ mi kúrò nílé-ìwé. Ṣé inú yín dùn báyìí?"

Ojú ti Bashir, ilẹ̀ ni kò lanu. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá ṣan amọ̀ kúrò lọ́wọ́. "Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Pe àbúrò rẹ, ká máa lọ."

Ẹrẹ̀ dá ọkọ̀ wọn dúró lọ́nà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wọ Òkè-Ọdẹ. Bàbá Tìjání jókòó níwájú ilé, kò fún wọn ní ìjókòó. Bashir dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi òjò.

"Bàbá, èmi ni mo ya fọ́tò náà. Ó ní kí n pa á rẹ́, mo purọ́ fún un. Mo fẹ́ràn ọmọ yín, ṣùgbọ́n n kò wá torí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó padà sílé-ìwé. Bí ẹ bá ní kí n má fojú kàn án mọ́ láyé, n óò gbà."

Nínú yàrá, Jannat fọwọ́ bo ẹnu, ó ń sunkún.

"Ìlú ńlá kì í dá ọmọ padà," Bàbá wí. "Jannat! Bu omi fún wọn, kí wọ́n máa lọ."

Jannat jáde. Ó kúnlẹ̀ fún ìyá Bashir. Ó dé ọ̀dọ̀ Bashir, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀: "Ẹ ò pa á rẹ́."

"Kò ṣe é pa rẹ́. Dárí jì mí."

Jannat kọjá lára rẹ̀. Ó dé iwájú Àbúdùlàhí, ẹni tó ti fi orúkọ pè tìdùnnú-tìdùnnú nígboro. Ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ó gbé igbá omi sókè.

"Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ẹ gbomi."

"Àlùbáríkà!" Ìyá Bashir kígbe, ó bú sẹ́kún. Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé Bashir pé Jannat ti gba òun lọ́kọ nìyẹn.

Bàbá Tìjání wo ọmọ rẹ̀ títí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá rẹ̀ ṣe ń kúnlẹ̀ fún àwọn àbúrò òun, tí kò pe ọ̀kankan wọn lórúkọ títí ó fi kú.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá mi ni, Bàbá."

"Ilé-ìwé ńkọ́?"

"Mo fẹ́ parí rẹ̀ ná, kí wọ́n tó so yìgì."

Bàbá yíjú sí Bashir. "Bí ọdún bá dé, ibí lẹ ó ti máa ṣe é."

"Ibí ni, Bàbá."

Àbúdùlàhí gba igbá. Kò tíì mu ún, ó ń wojú bàbá. Bàbá Tìjání fa ìjókòó kan sún mọ́ ọn.

"Kí lò ń wò, Eyínfúnjowó? Mu omi tí ìyàwó yín bù fún ọ."