Ẹni Bá Tutọ́ Síbẹ̀ Á Padà Wá

Nígbà àkọ́kọ́ tí Peigi fojú kan Struan, itọ́ ló ń tu lọ́wọ́.

Ọkùnrin náà ga, ó sì dára lọ́kùnrin. Eruku òkúta bo irun rẹ̀ bí ìgbà tí yìnyín bọ́ sí i lórí. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí orí ilé ìṣọ́ rẹ̀ rí bí adé ọba, ó wolẹ̀, ó tutọ́, ó sì gbé òòlù rẹ̀ kọ́ èjìká.

Ẹnu ti ń ya Peigi láti àárọ̀. Láti erékùṣù Harris ló ti wá, níbi tí aládùúgbò ti jìnnà síra. Ní Ẹ́dínbọ́rà yìí, ńṣe làwọn ilé gun ara wọn léjìká, èéfín èédú ìran dé ìran ti sọ òkúta wọn di dúdú, ààfin sì wà lórí àpáta lókè réré bí ẹni pé àpáta ló bí i. Ó rò pé irú ìlú báyìí, jẹ́jẹ́ ni wọ́n á máa rìn nínú rẹ̀. Ẹnì kan sì ń tutọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni, ojú ò tì yín? Iwájú ilé Ọlọ́run rèé."

Ọkùnrin náà yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín. "Àlejò ni yín."

"Ẹ̀kọ́ ilé ni mo ní."

"Ẹ wolẹ̀ ná, ìyá oníwàásù."

Peigi wolẹ̀. Wọ́n to òkúta kéékèèké ní àwòrán ọkàn síbi tó dúró sí.

"Ẹ̀wọ̀n ló wà níbí láyé àtijọ́," ni ọkùnrin náà wí. "Itọ́ làwọn èèyàn fi ń bú u tí wọ́n bá ń kọjá. Wọ́n wó ẹ̀wọ̀n, a ò ṣíwọ́ itọ́. Wọ́n ní ẹni bá tutọ́ síbẹ̀ á padà wá sí ìlú yìí. Ó yá, ẹ tu tiyín."

"Kí bàbá mi gbọ́? Alàgbà ìjọ ni wọ́n."

"A jẹ́ pé ẹ ò ní padà wá nìyẹn." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì mọ orúkọ ara wọn.

Struan Laidlaw lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ gbígbẹ́ òkúta ló ń ṣe, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tún adé orí ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣe. Lọ́jọ́ kejì, kùrukùru láti orí òkun bo gbogbo ìlú, ó sì mú Peigi gòkè ilé ìṣọ́ náà. Wọ́n ń gun àtẹ̀gùn nínú funfun, wọn ò rí ọwọ́ ara wọn, àfi ìgbà tí wọ́n yọrí sínú oòrùn.

Ìlú ti pòórá. Ààfin nìkan ló kù, àti òkè ńlá tó dùbúlẹ̀ bí kìnnìún, àwọn méjèèjì ń léfòó lórí kùrukùru. Ọmọ etíkun ni Peigi, kò rí irú òkun yẹn rí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?"

"Rárá. Mi ò mọ̀ pé ayé tóbi tó báyìí ni."

Struan fi ìyẹ́ ẹyẹ kan tó ń gbẹ́ sára òkúta hàn án, ní kọ̀rọ̀ tẹ́nikẹ́ni ò lè rí láti ìsàlẹ̀.

"Ta ló máa wá rí i?"

"Ọlọ́run. Àti ìwọ báyìí."

Ibẹ̀ ni ọkàn Peigi ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Peigi máa padà sí Harris, Struan tún bẹ̀ ẹ́ pé kó tutọ́. Peigi mi orí, ó di ọwọ́ eléruku náà mú. "Bá mi tu ú, olólùfẹ́ mi."

Ìgbà òtútù kọjá. Struan ní òun fẹ́ fi Peigi ṣaya. Murdo, bàbá Peigi, tó ń sin àgùntàn, kò ní ọmọ mìíràn, aya rẹ̀ sì ti kú. "Ọ̀rọ̀ ará ìlú ńlá, kùrukùru ni," ló wí. "Màá fojú ara mi rí i. Tí kò bá wù mí, ó parí."

Òun àti Peigi tètè dé Ẹ́dínbọ́rà ju bí wọ́n ṣe sọ lọ. Ohun tí alàgbà kọ́kọ́ rí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà ni Struan tó ń tutọ́.

Murdo kẹ̀yìn sí i. Ó gbé àpótí ọmọ rẹ̀, ó kọrí sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. "A ti rí i. Ó tó."

Struan sáré tẹ̀ lé wọn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Má pè mí ní bàbá."

Peigi ò dínà fún bàbá rẹ̀ rí láyé. Ó dínà lọ́jọ́ yẹn. "Bàbá mi, itọ́ tèmi ló ń tu."

"Tìẹ, báwo?"

Ó ròyìn ẹ̀wọ̀n àti òkúta náà fún un. "Mo kọ̀ láti tu ú, torí ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ mi. Mo ní kó bá mi tu ú, kí n lè padà wá."

Murdo yíjú sí Struan. "Ìgbà wo lo ti ń tu ú?"

"Ojoojúmọ́ ni, sà, látìgbà tó ti lọ. Tí yìnyín bá bò ó, màá kọ́kọ́ gbá a kúrò."

"Bàbá mi," ni Peigi wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "tí ẹ bá ta àgùntàn lọ́jà, kí lẹ fi ń fìdí àdéhùn múlẹ̀?"

Murdo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nílé wọn, ẹni tó tà á tutọ́ sọ́wọ́, ẹni tó rà á tutọ́ sọ́wọ́, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ mọ́.

"Itọ́ téèyàn bá ti tu sílẹ̀," ló wí, "kì í padà kó o lá."

"Mi ò ní kó o lá láéláé, sà."

"Òun nìkan ni mo ní o."

"Mo mọ̀. Lọ́dọọdún, tí àgùntàn bá ń bímọ, ọ̀dọ̀ yín la máa wà."

"O mọ̀ ọ́n gbẹ̀bí?"

"Rárá, sà. Mo lè bá yín di orí àgùntàn mú."

"Orí ló lóun máa dì mú." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án. Struan náà tutọ́ sí tirẹ̀. Ọwọ́ pàdé ọwọ́, ó ró pà.

Nígbà tí wọ́n ń lọ jẹun, Murdo ní kí àwọn méjèèjì máa lọ níwájú. Peigi bojú wẹ̀yìn. Alàgbà ìjọ Harris ti padà sídìí òkúta náà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi fìlà bo ẹnu, ó sì tutọ́.